Kọ́tìnì fún Ilé Àlàmú

Fèrèsé méje ni ilé náà ní, Olúfúnmiláyọ̀ kò sì nílò téèpù kó tó mọ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe fẹ̀ tó. Ó ń ka ìwọ̀n wọn lórí ìdúró, Juliet, tó ń ta kọ́tìnì ní ọjà Òkìtìpupa, sì ń kọ ọ́ sẹ́yìn páálí.

Oṣù kẹta rèé tí Àlàmú, ọkọ Olúfúnmiláyọ̀, ti kú. Ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Iyansan ni obìnrin náà ti gun ọ̀kadà wá láàárọ̀ ọjọ́ náà. Desmond, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, ló wá pàdé rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Láti ìgbà tí ẹbí ti ṣèpàdé ní Òde-Ayé, òun ló ń bójú tó ilé tí olóògbé fi sílẹ̀.

“Ayálégbé ló ń bọ̀ níbẹ̀,” Desmond sọ fún Juliet. “Má wulẹ̀ kó olówó gọbọi jáde.”

Juliet tẹ́ aṣọ kan tó ń dán sórí tábìlì. Olúfúnmiláyọ̀ gbé e síbi ìmọ́lẹ̀, ó sì rí ojú Juliet láti òdìkejì.

“Oòrùn ìrọ̀lẹ́ máa ń kọ lu pálọ̀ yẹn,” ó sọ. “Kí ọdún tó yí po, èyí á ti ṣá. A ó tún wá ra òmíràn.”

Ó mú aṣọ òwú kan tó ki, aláwọ̀ ilẹ̀, tó ṣẹ́ kù sí ìsàlẹ̀ ìdì. Kò dára lójú, àmọ́ á ṣeé fọ̀ títí. Ó ní kí Juliet má gé ti kíṣínì. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn ti tó síbẹ̀, kí iná má baà ràn mọ́ kọ́tìnì.

“Àǹtí, ẹ ṣèèyàn,” Juliet sọ. “Ọ̀pọ̀ onílé kì í ro ti oòrùn tó ń pa ayálégbé. Ta ló fẹ́ gbébẹ̀?”

“Obìnrin kan àtàwọn ọmọ rẹ̀ méjì,” Desmond dáhùn. “Jẹ́jẹ́ ni. Kì í bá èèyàn fa ọ̀rọ̀.”

Olúfúnmiláyọ̀ ń ká aṣọ náà.

“Ti yàrá ẹ̀yìn, ìlọ́po méjì ni kó o ṣe é,” ó sọ. “Ibojì wà lẹ́yìn ilé. Mi ò fẹ́ káwọn ọmọ máa jí sí i.”

“Kí ló kan ọmọ ọlọ́mọ níbẹ̀?” Juliet béèrè.

Desmond yíjú sí títì. Olúfúnmiláyọ̀ tú etí ìró rẹ̀, ó sì san owó náà.

Nígbà tí Juliet rán kọ́tìnì náà tán, ọ̀sán ni Olúfúnmiláyọ̀ àti Desmond dé ilé. Olúfúnmiláyọ̀ gun àga, ó so gbogbo kọ́tìnì náà kọ́ fúnra rẹ̀, ti yàrá ẹ̀yìn ló sì fi parí. Pálọ̀ ṣókùnkùn díẹ̀. Desmond wò yíká, ó ní ó bójú mu, àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má ṣe kan ìṣó tuntun mọ́ ògiri. Ó wá tẹ́ ìwé àdéhùn sórí tábìlì, ó fọwọ́ sí i níbi tí wọ́n kọ “onílé” sí, ó sì ti bírò síwájú.

Olúfúnmiláyọ̀ wá ibi tí wọ́n kọ “ayálégbé” sí, ó sì kọ orúkọ ara rẹ̀ síbẹ̀, nínú ilé tí òun àti Àlàmú fi ọdún mẹ́sàn-án kọ́.