Ìtàn Tí Ẹnikẹ́ni Kò Kú Nínú Rẹ̀

Àbíkẹ́ kò bẹ̀rù ọmọdé kankan rí láyé àfi Ìmọ́lẹ̀olúwa, ọmọ ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà kì í ṣe aláìgbọràn, kì í sì í ṣe oníjàgídíjàgan. Etí rẹ̀ ló ń ba ìyá àgbà lẹ́rù. Bí a bá ń pàlọ́, àwọn ọmọ tó kù máa ń tẹ̀ lé ìtàn lẹ́yìn ni, ṣùgbọ́n Ìmọ́lẹ̀ á ti lọ jókòó síbi tí ìtàn ń lọ, á máa dúró dè é.

Sanmí, àkọ́bí Àbíkẹ́ tó ń jó irin ní Ajíbọ́dè, ló fi ọ̀kadà gbé ọmọ náà wá sí abúlé wọn lẹ́yìn Akínyẹlé. Kó tó jókòó ló ti béèrè bóyá ìyá rẹ̀ ti lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Lẹ́yìn náà ló ní kí Ìmọ́lẹ̀ lọ mumi lẹ́yìn ilé.

"Màámi, ara Gbọ́njúbọ́lá ni ò yá. Wọ́n dá a dúró sílé ìwòsàn, ṣùgbọ́n ó ti ń san díẹ̀díẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ ẹ̀ mọ̀ o. A ti sọ fún un pé Kútọnu ni ìyá ẹ̀ lọ, pé ó lọ rajà."

Gbọ́njúbọ́lá nìkan ni ọmọbìnrin tí Àbíkẹ́ bí. Ó ní òun á tẹ̀ lé Sanmí lọ wò ó.

"Pẹ̀lú ẹsẹ̀ yín yìí? Ta ni ẹ máa fi ọmọ sílẹ̀ fún? Bí ẹ bá jáde báyìí, ó máa mọ̀."

Òótọ́ ni. Nígbà tí bàbá Ìmọ́lẹ̀ kú, ọmọ náà ya odi mọ́ wọn lọ́wọ́. Wọ́n gbin àgbàdo, wọ́n kórè rẹ̀, kò tíì la ẹnu. Ìyá nìkan ló kù fún un báyìí. Àbíkẹ́ gbé ọ̀rọ̀ náà mì, ó sì pinnu pé kò ní ti ẹnu òun jáde.

Gbogbo abúlé bá a pa á mọ́. Bó bá mú ọmọ náà lọ sí ibi tí wọ́n ti ń yan gàrí, ọ̀rọ̀ á dá lẹ́nu àwọn obìnrin. Ìyá Múyì á bu gàrí gbígbóná sọ́wọ́ ọmọ náà, á fi etí ìró nu ojú, á ní èéfín ni. Lọ́jọ́ Ìsinmi, wòlíì àwọn ará aláàdúrà gbàdúrà fún Àbíkẹ́ títí tí orúnkún fi ń dùn ún, kò sì dárúkọ Gbọ́njúbọ́lá lẹ́ẹ̀kan. Inú Àbíkẹ́ dùn sí wọn. Kì í ṣe ibi gbogbo ni àgbààgbà ti í lè ṣọ́ ẹnu nítorí ọmọdé.

Ìrọ̀lẹ́ ló nira. Wọ́n á jẹun tán, wọ́n á jókòó ti ẹ̀gúsí tí wọ́n ń bó, Ìmọ́lẹ̀ á ní kí ìyá àgbà pàlọ́. Lọ́jọ́ kan Àbíkẹ́ mú ti ọdẹ kan tó wọgbó. Ajá rẹ̀ nìkan ló padà, ó dùbúlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n gbé oúnjẹ fún un, kò jẹ.

"Ọdẹ yẹn ti kú," Ìmọ́lẹ̀ wí.

"Mi ò tíì débẹ̀."

"Ẹ ní ajá ò jẹun."

Ẹ̀gúsí bọ́ lọ́wọ́ Àbíkẹ́. Ọmọ tó bá lè wo ẹnu ajá kó mọ̀ pé ọdẹ ti kú, ojú ìyá àgbà wo ni kò ní kà? Láti ọjọ́ náà ló ti ń yọ òkú kúrò nínú àlọ́. Ọdẹ ń padà, arìnrìn-àjò ń dé, àní Ìjàpá tó yẹ kó jóná sínú ìkòkò, wọ́n bá a ṣí ìdérí.

Sanmí kò yéé wá. Á ra iṣu àti tòmátì ní Ṣáṣá, á gbé e wá, á ní Gbọ́njúbọ́lá kí wọn. Ó mú ìró tuntun kan wá, ó ní àbúrò òun ló fi rán òun. Àbíkẹ́ ní kó jẹ́ kí òun gbóhùn rẹ̀ lórí fóònù.

"Dókítà ò fẹ́ kó máa sọ̀rọ̀, Màámi. Ṣé ẹ ti lo oògùn yín?"

Ìtàn tán lẹ́nu Àbíkẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í hun tirẹ̀. Ó ní obìnrin kan lọ sí ọjà ọ̀nà jíjìn. Gbogbo ẹni tó bá ti ọjà dé á ní ó kí àwọn ará ilé, ó ń bọ̀. Wọ́n á kó ẹrù sílẹ̀, wọ́n á ní òun ló fi rán àwọn. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó gbóhùn obìnrin náà.

Ibẹ̀ ni ara rẹ̀ ti bù máṣọ. Àṣírí Kútọnu gan-an ló fi ẹnu ara rẹ̀ tú fọ́mọ yìí! Ìmọ́lẹ̀ ti dáwọ́ ẹ̀gúsí dúró. Ojú ìyá àgbà rẹ̀ ló ń wò.

"Kí lo rò pé ó ṣe obìnrin yẹn?" Àbíkẹ́ béèrè.

Ọmọ náà tún mú ẹ̀gúsí, ó ń bó o.

"Kò sóhun tó ṣe é, Màmá àgbà. Ó ń bọ̀."

"Báwo lo ṣe mọ̀?"

"Wọ́n ṣáà ní ó kí wọn."

Àbíkẹ́ mí kanlẹ̀. Ọmọdé lọmọdé ń jẹ́. Ó fà á mọ́ra, ó rẹ́rìn-ín, ó sì sun oorun tí kò sùn láti ìgbà tí ọmọ náà ti dé.

Nígbà tí Sanmí dé lọ́jọ́ kejì, Ìmọ́lẹ̀ fà á lọ́wọ́ lọ sẹ́yìn ilé ìdáná, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, Màmá àgbà fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀ lánàá o, àmọ́ mo ní ó ń bọ̀, bí ẹ ṣe ní kí n máa wí nígbà tí a sin Mọ́mì tán."