Ihò Keje

Àpótí kan ló ń pín fídíò ìwàásù sí àwọn yàrá ṣọ́ọ̀ṣì wa; wáyà yàrá kọ̀ọ̀kan wọ ihò tirẹ̀ lára àpótí náà. Lóòrèkóòrè, á béèrè pé, "Ta ló ṣì ń wò?" Yàrá tí kò bá dáhùn, á yọ orúkọ rẹ̀ kúrò.

Pásítọ̀ yin Mosúnmọ́lá, tí èmi kọ́ níṣẹ́. Mo jowú débi pé, nígbà tí Mosúnmọ́lá lọ sílé, mo fa wáyà yàrá tó ń bójú tó yọ nínú ihò keje, kó lè tẹ́ lọ́la.

Ó pè mí lórí fóònù. "Ẹ̀gbọ́n, mo ti délé o! Ẹ ò kúkú bínú pé mo gba ìyìn yín?"

Àpótí béèrè. Ihò keje dáhùn. Wáyà ṣì wà lọ́wọ́ mi.

"Jésù, gbà mí!" ni mo kígbe.

Láti inú ihò òfìfo náà, ohùn Mosúnmọ́lá jáde jẹ́jẹ́: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá wáyà mi padà."