Sàréè Àyálò

Láràárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, ògiri ìjọ á tàn, àwòrán Bàbá Olùdásílẹ̀ tó ti kú láti ọdún méjìlá, tí kọ̀ǹpútà ń fún lóhùn, á yọ lójú rẹ̀, á sì wàásù. Tọkùnrin tobìnrin á tẹrí ba.

Lọ́jọ́ yìí, Ìyá Dọ̀káàsì ni àdúrà ìparí kàn. Ó gbà á dé òpin, ó ní, "Ní orúkọ Jésù."

Ẹ̀rọ gbohùngbohùn ọwọ́ rẹ̀ kú. Ògiri rẹ́rìn-ín. "Ìyá, orúkọ mi la fi ń parí àdúrà níbí. Ẹ tún un gbà."

Alàgbà Jèrémáyà sáré wá sétí rẹ̀. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́! Tẹ́ ẹ bá tún pe orúkọ yẹn, ilẹ̀kùn tó mọ ojú wa yìí ò ní ṣí fún yín mọ́. Itẹ́ òkú ìjọ ńkọ́? Ẹ̀gbẹ́ ọkọ yín ni ilẹ̀ tí wọ́n máa sin yín sí wà, wọ́n á gbà á!"

Gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta ni Ìyá Dọ̀káàsì ń gbá ojú oórì ọkọ rẹ̀.

"Jèrémáyà, mo mọ Bàbá Olùdásílẹ̀ láàyè. Orí ìkúnlẹ̀ ló ti ń pe Jésù. Èyí tó wà lára ògiri yìí, orúnkún rẹ̀ dà? Ẹ gbé ilẹ̀ yín fún ẹlòmíì. Sàréè àyálò ni wọ́n sin Olúwa mi sí, kò sì pẹ́ níbẹ̀."

Ó ju ẹ̀rọ náà sílẹ̀, ó fi ohùn ara rẹ̀ ké e: "Ní orúkọ Jésù!"

Ó ti ń dé ẹnu ọ̀nà nígbà tó gbọ́ tí orúnkún àgbàlagbà kan ró gbì nílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

"Àmín," ni Jèrémáyà wí.