Ọkọ̀ Tó Wà Lẹ́yìnkùlé

Mẹkáníìkì tó máa ń tọ́jú ọkọ̀ ọkọ rẹ̀ nígbà ayé ló kọ́kọ́ sọ fún Ìyá Onípáànù pé àwọn kan wà tó ń gba ògbólógbòó ọkọ̀. Wọ́n á tún un ṣe, wọ́n á sì gbé e fún ẹni tí kò nílé, kó lè máa fi ṣiṣẹ́ jẹun.

"Èmi ni mo ní kí wọ́n má nílé?"

"Ẹ má bínú, Ìyá. Mo kàn rí i pé ìpẹtà ti fẹ́ jẹ ọkọ̀ Bàbá tán lẹ́yìnkùlé ni."

Páànù ìbolé ni Ìyá ń tà, kì í sì í tà á láwìn fún ẹnikẹ́ni. Ọdún kejì rèé tí ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo kó ogójì ẹgbẹ̀rún náírà nínú àpótí ìsọ̀, tó fi ta tẹ́tẹ́. Ìyá ní kó má padà wọlé òun àfi bí owó náà bá pé lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀wù aláwọ̀ ewé lọmọ náà wọ̀ jáde. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, kò ṣeé kó. Látìgbà náà, bí ìyá bá rí ọ̀dọ́kùnrin tó sùn sábẹ́ afárá, á bẹ̀rẹ̀ wo ojú rẹ̀ kó tó kọjá.

Nígbà tó rò ó títí, ó ránṣẹ́ pe mẹkáníìkì. "Wá gbé e. Bí mo bá ṣe ọmọ ọlọ́mọ lóore, bóyá ẹnì kan á ṣe tèmi."

Òwúrọ̀ kùtù ló dé. Ó fa ilẹ̀kùn ọkọ̀ títí, kò ṣí.

"Gbé e sókè díẹ̀ kó o tó fà á. Ará ilé yìí nìkan ló mọ̀ ọ́n ṣí."

Ó ṣí wẹ́rẹ́, kò tiẹ̀ dún.

"Ìyá, ta ló fi epo sí ilẹ̀kùn yìí?"

"Ta ni ìbá fi sí i bí kò ṣe ìwọ?"

"Èmi kẹ̀? Mi ò fọwọ́ kàn án látìgbà tí Bàbá ti kú."

"Ìwọ tó o gbàgbé sípánà sínú ẹ́ńjìnì oníbàárà, báwo ni wàá ṣe rántí epo?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó fi àkísà nu inú gíláàsì tó ti làágùn. Ajá ilé dùbúlẹ̀ síwájú táyà. Àfi ìgbà tí mẹkáníìkì fẹsẹ̀ tì í ló tó dìde.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, òjò ńlá dé. Ajá dúró síbi tí ọkọ̀ ti kúrò, ó kọjú sí ọgbà, ó ń jùrù, ó ń ké. Ariwo rẹ̀ sú ìyá. Ó ṣí fèrèsé.

"Máa lọ jàre. Kò sí ààyè fún ọ níbẹ̀ mọ́."

Kò pẹ́, ajá náà dákẹ́.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mẹkáníìkì mú dìdì kan wá nínú ọ̀rá dúdú. Abẹ́ àga ẹ̀yìn ọkọ̀ ni àwọn tó ń tún un ṣe ti rí i.

"Owó ni o, Ìyá. Bàbá mọ nǹkan-án pa mọ́ fún yín."

"Ahun ni. Mo ti mọ̀ ọ́n tipẹ́." Ìyá ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń tú ọ̀rá náà.

Apá ẹ̀wù aláwọ̀ ewé ni wọ́n fi di owó náà, ó sì pé ogójì ẹgbẹ̀rún géérégé.