Grégoire, Ẹṣin Rẹ̀ àti Àgbá Mẹ́ta

Ẹ̀yin tí ìtàn yìí bá dé ọwọ́ yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dé ìsàlẹ̀. Ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí kò ní sùúrù àtiparí nǹkan, ẹ ó sì rí ibi tó bá a dé.

1.
Ní ọdún 1964, Grégoire, àgbẹ̀ oníṣu kan ní Dassa, lá àlá. Ó ń gun ẹṣin lọ láàárín àwọn òkè, ìkùukùu wà lábẹ́ pátákò, kò sí ariwo kankan, gbogbo ìlú sì dúró, wọ́n ń wò ó. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó fi oko rẹ̀ ní Kpingni gba ẹṣin pupa kan lọ́wọ́ oníṣòwò tó ń kọjá. Ó sọ ọ́ ní Mínísítà, nítorí pé ó ń jẹun púpọ̀, kì í sì í dá ènìyàn lóhùn.

Perpétue, ìyàwó rẹ̀, wo ẹṣin, ó wo ọkọ.

"Bàbá Valentine, ṣé èyí la ó máa sè?"

"Ní sùúrù. Eré ẹṣin ọjọ́ òmìnira ń bọ̀."

2.
Eré náà kò le láti ṣàlàyé. Wọ́n á to àgbá ẹ̀sánsì, epo ọkọ̀, mẹ́ta tó ti ṣófo sórí pápá, bí òkúta ààrò mẹ́ta. Ẹlẹ́ṣin á yí ọ̀kọ̀ọ̀kan po láìbì í ṣubú, á sì sáré padà síbi tó ti gbéra, èyí tí wọ́n ń pè ní ilé. Ẹni tó bá yára jù ló borí.

Bàbá Yẹ̀kínì, tó ń ta aṣọ lọ́jà, ti tọ́jú ẹṣin ní Parakou fún ọdún mọ́kànlá. Ó kọ́ Grégoire lọ́fẹ̀ẹ́.

"Kó o kọ́kọ́ máa mú un rìn ná. Oṣù kan gbáko. Tó o bá ń yí, má wo àgbá, ibi tó ò ń lọ ni kó o wò."

"Oṣù kan, Bàbá? Ṣé ìsìnkú la ń lọ ni?"

"Ó lè dà bẹ́ẹ̀."

Grégoire mú un rìn fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní ọjọ́ kẹrin, ó bu èérí ọkà bàbà, èyí tó kù nínú ọtí ṣakpalo, sórí àgbá kọ̀ọ̀kan. Háà! Mínísítà fò láti àgbá dé àgbá. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, Grégoire dúró láàárín ọjà.

"Ẹni tó bá borí mi, kó máa mú ẹṣin mi lọ!"

"Grégoire," ni Bàbá Yẹ̀kínì wí, "ẹnu rẹ ti ṣáájú ẹṣin délé."

3.
Lọ́jọ́ òmìnira, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Ìkùukùu sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, àwọn àgbá sì dúró nínú rẹ̀ bí ohun tí ènìyàn ń rí lójú oorun. Kò sí aago, ìlú ló ń ka iye sókè. Bàbá Yẹ̀kínì àti abo ẹṣin rẹ̀ tó ti darúgbó yí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta po, wọ́n délé kí wọ́n tó ka àádọ́ta.

Ó kan Grégoire. Kí wọ́n tó ka mẹ́fà, Mínísítà ti dé àgbá àkọ́kọ́. Ó gbóòórùn orí rẹ̀. Kò sí nǹkan. Ó dúró. Ó ronú.

"Mínísítà, jọ̀ọ́, lọ!"

Wọ́n ka ogún. Wọ́n ka ọgbọ̀n. Mínísítà wá yíjú sí abẹ́ igi máńgòrò, níbi tí Félicité tó ń ta ṣakpalo kó èérí rẹ̀ sí, nínú àgbá kẹrin. Ó sì fò. Ẹnikẹ́ni kò tíì rí ẹṣin tó sáré tó bẹ́ẹ̀ rí. Ìkùukùu wà lábẹ́ pátákò, òǹkà dákẹ́, gbogbo ìlú dúró, wọ́n ń wò ó.

Àgbá ṣubú. Grégoire jókòó sínú èérí.

"Ẹ kú àbọ̀," ni Félicité wí. "Ẹ̀yin méjèèjì lẹ ó mu ún?"

4.
Bàbá Yẹ̀kínì ní òun kò gba ẹṣin.

"Ẹ gbà á, Bàbá. Ojú gbogbo ayé ni mo ti sọ ọ́."

Láti ìgbà náà, oko olóko ní Gbaffo ni Grégoire ń ro kí ilé rẹ̀ tó rí iṣu jẹ. Láràárọ̀, Bàbá Yẹ̀kínì a máa gun Mínísítà kọjá lára rẹ̀, jẹ́jẹ́. Láràárọ̀, ẹṣin náà a dúró, a ti ẹnu bọ àtẹ́lẹwọ́ Grégoire, a wá a títí. Kò sí nǹkan níbẹ̀. A sì tún máa rìn lọ.

Ẹ̀yin tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ eré ẹṣin, mo kìlọ̀ fún yín: ẹ bá a rìn kí ẹ tó bá a sáré. Ohun tí ẹ bá fi tàn án ni yóò máa wá kiri. Ẹ má sì fi oko tó ń bọ́ ilé yín ra ohun tí ẹ rí lójú oorun. Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tó jí lónìí tó ń wo ẹṣin.