Olúdọ̀tun Tí Kò Fẹ́ Kí Ayé Gbọ́

Olúdọ̀tun kì í ṣe ọ̀lẹ. Àléébù tirẹ̀ ni pé kì í bi ẹnikẹ́ni léèrè ohunkóhun. Bó bá fẹ́ ra mọ́tò, ìgbà tí mọ́tò bá dúró síwájú ilé la tó máa mọ̀. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ lóyún, ikùn ti yọ síta tán kó tó jẹ́wọ́. Púpọ̀ nínú wa ló gbé irú ìbẹ̀rù yìí wá láti ilé, pé kí ayé má baà gbọ́, kí wọ́n má baà fẹnu ba nǹkan jẹ́. Ṣùgbọ́n ti Olúdọ̀tun ti kọjá ìṣọ́ra, ó ti di ìwà.

Basement kan, ìyẹ̀wù abẹ́ ilé, ní àdúgbò Saddle Ridge lókè òkun ni òun, Ìdùnnú ìyàwó rẹ̀ àti Adémidé ọmọ wọn ń gbé. Fọ́kílíìfù, ọkọ̀ tó ń gbé ẹrù sókè, ni Olúdọ̀tun ń wà ní ilé ìkẹ́rùsí kan. Owó ibẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó ń tó wọn, díẹ̀ sì ń ṣẹ́kù. Èyí tó ń ṣẹ́kù yìí ni wọ́n ń kó jọ láti fi mú ìyá Olúdọ̀tun wá láti Ìkirè. Òun nìkan ni ìyá náà bí. Ìyá kò tíì fọwọ́ kan Adémidé rí. Inú fóònù ló ti ń wò ó tó ń dàgbà, ojú ìyá sì ti ń ṣú díẹ̀díẹ̀.

Lọ́jọ́ kan Olúdọ̀tun rí ìpolówó kọ́lẹ́ẹ̀jì aládàáni kan: ọdún méjì péré, wàá gba diploma nínú criminal justice, ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọlọ́pàá àti ti wọ́dà. Ọkùnrin kan tó wọ yunifọ́ọ̀mù ń rẹ́rìn-ín nínú àwòrán náà. Ọkàn Olúdọ̀tun bá a lọ. Nílé, ta ní jẹ́ fojú di ẹni tó wọ yunifọ́ọ̀mù? Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó yá owó ìjọba, nígbà tí ìyẹn kò sì tó, ó fi owó tí wọ́n ń kó jọ fún ìyá rẹ̀ kún un.

Ìdùnnú nìkan ló sọ fún, ìyẹn náà lẹ́yìn tó ti fọwọ́ síwèé tán.

"Daddy Mídé, àwọn tó ti ṣe course yìí, èló ni wọ́n ń gbà? Ṣé owó yẹn á lè san loan?"

"Wọ́n ń gbà dáadáa."

"Ta ló sọ fún yín?"

Olúdọ̀tun ń ká ìwé náà sápò. Ìdùnnú ní kí ló dé tí kò bi Ẹ̀gbọ́n Akínbámi, tó ń ṣiṣẹ́ ní prison, tí wọ́n sì jọ ń jókòó lórí ìlà kan náà ní church.

"Kí gbogbo church lè gbọ́? Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Tó bá yọrí sí rere, wọ́n á rí i."

"Igi gànnàngànnàn má gùn-ún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó," ni Ìdùnnú wí. Ó lọ wọ bàtà iṣẹ́ rẹ̀, nítorí láti ọjọ́ yẹn, òun nìkan ló ń gbọ́ bùkátà ilé.

Olúdọ̀tun pe ìyá rẹ̀ pé kí ó ní sùúrù, ìgbà tí ipò òun bá yí padà ni yóò wá. Kò sọ ohun tí ó ń ṣe. Ìyá kò sì bínú.

"Mò ń dúró, Àjàní," ni ìyá wí. "Ojú mi ni n kò mọ̀ bóyá á lè dúró."

Ọ̀gbẹ́ni yìí kàwé, ó sì yege. Ní gbogbo àkókò náà, ọjọ́ Ìsinmi kan kò kọjá kí ó má kí Akínbámi. Wọ́n á sọ̀rọ̀ snow, wọ́n á sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Bí ẹ̀gbọ́n bá béèrè ohun tó ń ṣe, á ní, "À ń gbìyànjú, sà." Ọ̀rọ̀ náà á sì parí síbẹ̀.

Ìgbà tó jáde tán ni ojú rẹ̀ là. Ó kọ̀wé síbí, ó kọ̀wé sọ́hùn-ún. Ẹnu ọ̀nà mall kan nìkan ló rí gbà, iṣẹ́ sikiọ́rítì. Ó wọ yunifọ́ọ̀mù lóòótọ́, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kò tó ti fọ́kílíìfù, àwọn tí wọ́n jọ ń dúró níbẹ̀ kò sì gba diploma kankan. Gbèsè bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ nínú owó kékeré náà lóṣooṣù. Níkẹyìn, ó bá Akínbámi níbi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí lẹ́yìn ìsìn, ó sì tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

"Dọ̀tun, níbi iṣẹ́ tiwa, ẹni tó ní diploma yẹn àti ẹni tí kò ní in, owó kan náà ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Ká ní o bi mí ni, ǹ bá ní kó o máa ṣiṣẹ́ ẹ lọ, kó o kọ́kọ́ apply síbi iṣẹ́ wa ná. Ẹ̀gbẹ́ mi lo jókòó sí, àbúrò."

Olúdọ̀tun tún bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú owó ìyá rẹ̀, tọ́rọ́ kọ́bọ̀. Owó náà kò tíì tó nǹkan nígbà tí ìyá kú ní Ìkirè. Kò rówó ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, àárọ̀ ni níhìn-ín, ọ̀sán ni lọ́hùn-ún. Olúdọ̀tun dúró nínú ilé ìdáná pẹ̀lú yunifọ́ọ̀mù lọ́rùn, ó ń wo fóònù. Ìbátan kan ló bá a bu yẹ̀pẹ̀ tó yẹ kí ọmọ kan ṣoṣo bù sórí pósí ìyá rẹ̀. Adémidé yọjú wò ó.

"Is that Grandma?"

"Òun ni."

"But Daddy, you said she was coming."

Olúdọ̀tun jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sì sunkún bí ọmọdé. Títí di òní, kò tíì san gbèsè náà tán.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ̀kọ́ dára, n kò sì ní kí ẹnikẹ́ni má kàwé. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó yáwó kàwé, ẹ wá ẹni tó ń ṣiṣẹ́ náà, kí ẹ bi í pé kí ni ìwé yìí ń ṣí, èló ni wọ́n ń gbà níbẹ̀, kí ẹ sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ gbèsè tí ẹ fẹ́ jẹ. Abéèrè-ọ̀nà kì í ṣìnà. Ilẹ̀kùn tí a tì nítorí ọ̀tá, ọ̀rẹ́ náà kò lè gba ibẹ̀ wọlé. Kò sí ayé kankan tó fẹnu ba ọ̀ràn Olúdọ̀tun jẹ́. Kò sí ará ìta tó gbọ́ sí i kí ó tó bàjẹ́.