Ọ́tánétọ̀ Tó Ń Dán

"Bàbá Haleemah, ẹ bá mi wo ẹ̀wà tó wà lórí iná o, kó má jóná. Roqeeb ti ń tẹ họ́ọ̀nù."

Ọ̀rọ̀ tí Sìmíátù ìyàwó mi bá mi sọ kẹ́yìn nìyẹn. Mo ní mo ti gbọ́.

Roqeeb ni àbúrò rẹ̀ tó tẹ̀lé e. Kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe olè. Àléébù rẹ̀ ni pé ojú lásán ló fi ń yan nǹkan. Ohun tó bá ti ń dán, òun ló dára lójú rẹ̀. Ẹni tó bá sì kìlọ̀ fún un, ó ti di ẹni tó ń jowú rẹ̀ nìyẹn.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa ṣe ọkọ̀ lọ́ṣọ̀ọ́ ní Pápá Àjàó. Á rẹ ọkọ̀ sílẹ̀ títí tí yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ha títì, á fi iná àràbarà sí abẹ́ rẹ̀, á to ẹ̀rọ orin kún búùtù. Láti Súrùlérè àti Yábàá ni àwọn ọmọ olówó ti ń wá bá a. Ọkọ̀ tirẹ̀ gan-an ló fi ń polówó iṣẹ́. Ó kun ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní àwọ̀ wúrà, ó fi fáànù oníná ńlá sí i, ó sì gbé àńpù mẹ́ta tó ń fún orin lágbára sẹ́yìn. Bó bá ti yà wọ òpópónà wa, àwo á máa gbọ̀n nínú ilé ìdáná. Sìmíátù á rẹ́rìn-ín, á ní, "Ọkọ ìyàwó ti dé." Ó fẹ́ràn àbúrò rẹ̀ gan-an.

Nígbà tó yá, iná ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú bí orin bá ti lọ sókè. Ọ́tánétọ̀ rẹ̀, ẹ̀rọ tó ń fún bátìrì níná bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, ti ń kú lọ. Roqeeb lọ sí ìsọ̀ Àǹtí Mujeebah tó ń ta àlòkù ẹ̀yà ọkọ̀. Obìnrin yìí ló sọ bó ṣe lọ fún mi lẹ́yìn ìsìnkú.

Ó gbé ọ́tánétọ̀ méjì síwájú Roqeeb. Ọ̀kan tóbi, ó dúdú, gíríìsì ṣì wà lára rẹ̀. Ìkejì kéré, ó sì ń dán bíi dígí.

"Dúdú yìí ni kó o mú, àbúrò mi. Èyí tó ń dán yẹn, ọkọ̀ tí kò ní ju rédíò kan lọ ni wọ́n ṣe é fún."

"Àǹtí, ẹ wo ẹ́ńjìnnì mi. Ṣé ìkòkò ìdáná yìí lẹ fẹ́ kí n gbé sáàárín góòlù?"

"Ta ló ń bá ọ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì wò?"

"Gbogbo Mushin!"

Àwọn tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Roqeeb de èyí tó ń dán mọ́ ọkọ̀, ó sítáátì, ó sì yọ orí bátìrì níbi tí ẹ́ńjìnnì ti ń ṣiṣẹ́. Bí ọ̀pọ̀ èèyàn ládùúgbò wa ṣe ń dán an wò nìyẹn: bí ẹ́ńjìnnì kò bá kú, wọ́n á ní ọ́tánétọ̀ dára. Ẹ́ńjìnnì kò kú. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un.

"Ìyẹn ò sọ nǹkan kan fún ọ," ni Àǹtí Mujeebah wí. "Ó tún lè ba ọ́tánétọ̀ fúnra rẹ̀ jẹ́. Dá orí bátìrì padà. Tan iná, tan AC, tan fáànù, gbé orin sókè, ká wá fi mítà wo bátìrì. Bí agbára rẹ̀ bá ń wálẹ̀, ọ́tánétọ̀ yẹn ò lè gbé e."

"Àǹtí, dúdú yẹn ló ti kú sí yín lọ́rùn, ẹ wá fẹ́ gbé e kọ́ mi."

Bó ṣe wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ nìyẹn.

Ní ọjọ́ Sátidé tí Sìmíátù gbé ẹ̀wà kaná yẹn, Roqeeb gbé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sí Ọ̀yìngbò, níbi tó ti ń ra òwú àti bọ́tìnnì tó ń tà fún àwọn téló. Òjò ká wọn mọ́ ojú ọ̀nà bí wọ́n ṣe ń bọ̀, ilẹ̀ sì ti ń ṣú. Ó tan gbogbo nǹkan. Wáípà kọ́kọ́ ń rá pálá. Orin dákẹ́. Iná kú. Ẹ́ńjìnnì kú. Àárín ọ̀nà márosẹ̀ Ìkòròdú ni, lápá Ìlúpéjú. Ọkọ̀ dúdú, dígí dúdú, kò sí iná kankan lẹ́yìn rẹ̀.

"Àǹtí mi, ẹ jókòó, òjò á pa yín," ni Roqeeb wí. Òun sọ̀ kalẹ̀, ó lọ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Ọkọ̀ àjàgbé kan ń bọ̀ lẹ́yìn, ó sì rọ́ lù wọ́n. Awakọ̀ rẹ̀ búra pé òun ò rí nǹkan kan. Mo gbà á gbọ́.

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n ṣí aṣọ lójú Sìmíátù, wọ́n ní ṣé mo mọ̀ ọ́n. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Síbẹ̀, ẹnu ọ̀nà ni mò ń wò, pé yóò wọlé.

Lẹ́yìn ìsìnkú, mo lọ wo ọkọ̀ náà ní àgọ́ ọlọ́pàá. Mo rí téèpù dúdú kan lójú dáṣíbọọ̀dù, kò ju èékánná lọ. Mo ṣí i. Àmì bátìrì ló wà lábẹ́ rẹ̀, iná tó máa ń kìlọ̀ pé ọ́tánétọ̀ ò fún bátìrì níná tó mọ́. Mo lọ bá Roqeeb lórí bẹ́ẹ̀dì ní ilé ìwòsàn. Wọ́n ti gé ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún.

"Kí ni téèpù yẹn ń ṣe níbẹ̀?"

"Ẹ̀gbọ́n, iná pupa yẹn ti ń tàn láti ọjọ́ mélòó kan. Ó ń ba ẹwà dáṣíbọọ̀dù jẹ́ ni."

 

Ìyá wọn dé. Ó dúró níbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Ó ní, "Ẹ̀yin méjì lẹ jọ jáde." Ó yíjú padà, kò sì padà síbẹ̀ mọ́. Ẹjọ́ Roqeeb wà ní kóòtù. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ti wà ní títì. Àwọn ọmọ olówó ti gbé ọkọ̀ wọn lọ síbòmíràn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi kún ọkọ̀ yín, ẹ gbọ́. Gbogbo ohun tí ẹ fi kún un ló ń jẹ iná. Ẹ ro wọ́n pọ̀, kí ẹ ra ọ́tánétọ̀ tó lè gbé wọn, kí agbára rẹ̀ sì tún ṣẹ́kù. Ẹ má fi àwọ̀ yàn án. Ẹ má yọ orí bátìrì láti fi dán an wò. Bí iná ìkìlọ̀ bá tàn, ẹ má bò ó. Ẹni tó kọ ìkìlọ̀ lè má kú. Ẹni tó gbé sínú ọkọ̀ ló lè kú.

Mi ò tíì kó aṣọ Sìmíátù fún àwọn ẹbí. Mi ò tíì gba ọ̀nà Ìkòròdú kọjá. Mi ò tíì sọ ọ̀rọ̀ téèpù fún Haleemah ọmọ wa. Roqeeb ránṣẹ́ pé kí n dárí ji òun. Mi ò tíì dárí jì í.